Ara ọkọ̀ ni kí ẹ rà, ẹ má ra ẹ́ńjìnnì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra muscle car àkọ́kọ́ pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́

Bí ẹni tó fẹ́ ta muscle car, ìyẹn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá, bá ti rí yín lókèèrè, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Yóò sítáàtì ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) náà yóò bú ramúramù, ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yóò máa gbọ̀n, inú yín yóò sì máa dùn bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé. Èmi náà ti dúró níbẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ọmọ Yorùbá ní Texas wo ọkọ̀ kí wọ́n tó sanwó, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ ní kó pa á ná, ká wo abẹ́ rẹ̀.

Ilé ni a ti mú àṣìṣe àkọ́kọ́ wá. Tí a bá fẹ́ ra tókùnbọ̀ ní Nàìjíríà, ohùn ẹ́ńjìnnì àti jíà la máa ń tẹ́tí sí, ìyẹn sì bójú mu fún ọkọ̀ tí kò tíì ju ogún ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín 1964 sí 1972 ti lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nínú òjò àti oòrùn. Irin ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350 (nọ́ńbà yẹn ni ìtóbi ẹ́ńjìnnì ní cubic inch) jáde ní 1967, wọ́n sì ń ṣe é fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún; kò sí ìlú ní Amẹ́ríkà tí ẹ kò ti ní rí pátì rẹ̀ rà ní owó pọ́ọ́kú. Ìpẹtà kò ní pátì. Wọ́n máa gé e, wọ́n máa jó irin tuntun mọ́ ọn, wákàtí wákàtí ni wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà ní òrùlé onírọ́bà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní vinyl top. Ó ń dán, mo sì rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ìgbà tí mo ṣí etí rẹ̀ kan nítòsí gíláàsì ẹ̀yìn, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e wálẹ̀ bí èépá ògiri. Omi ti ń gbà abẹ́ rọ́bà yẹn wọlé láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀. Pọ́tì tuntun, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, wà lábẹ́ ọ̀dà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ: nígbà tí a tú òrùlé tán, a rí i pé ilẹ̀ búùtù náà ti lọ. Owó tí mo fi tún un ṣe sún mọ́ iye tí mo fi rà á. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí òòfà kékeré kan péré ni ì bá gbà mí. Ẹ fi aṣọ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ máa gbé e lé ara ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn táyà. Ibi tí òòfà kò bá ti mú, pọ́tì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀ tó ti máa ń jẹrà. Ti Mustang tó jáde láti 1964 sí 1968, iwájú gíláàsì ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀. Ewé àti ìdọ̀tí á kó síbẹ̀, omi á dúró, irin á lu, òjò á sì máa kán sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Láti tún un ṣe, ó di kí wọ́n tú iwájú ọkọ̀ palẹ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí ẹ da ìgò omi kan síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì yín fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ rántí pé Mustang àti Plymouth Duster kò ní ṣáàsí tó dá dúró. Ara ọkọ̀ náà ni ṣáàsí rẹ̀. Ilẹ̀ tó dípẹtà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì rárá. Chevelle ti Chevrolet àti Cutlass ti Oldsmobile ní ṣáàsí gidi lábẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyẹn náà dáadáa nítòsí táyà ẹ̀yìn.

Ibi tí ọkọ̀ ti gbé ayé rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ní Michigan àti Ohio, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin láti ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ Arizona lè ní ìjókòó tí oòrùn ti fà ya pátápátá, kí abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Èmi yóò mú ti Arizona, torí ìjókòó ṣeé rán. Ní agbègbè Houston tiwa níbí, ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà wà ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey kó omi wọ ilé àwọn èèyàn.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ sanwó orúkọ. Àmì SS (Super Sport, ẹ̀yà Chevelle tó lágbára jù) tí ẹ rí níwájú Chevelle, ẹnikẹ́ni lè rà á kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára ọkọ̀ (VIN) ni kí ẹ kà. Chevelle SS396 ti 1966 sí 1968, 138 ni nọ́ńbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1969, SS di àfikún tí oníbàárà lè yàn, nọ́ńbà kò sì sọ ọ́ mọ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ ni ẹ óò béèrè. Pontiac GTO ti 1964 àti 1965 kò yàtọ̀ sí Pontiac LeMans lásán nínú nọ́ńbà, ṣùgbọ́n láti 1966 sí 1971, 242 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti Mustang 1965 àti 1966, lẹ́tà karùn-ún ni ti ẹ́ńjìnnì: T jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, C àti A jẹ́ V8 289. Ẹ tún ka nọ́ọ̀tù táyà rẹ̀. Onísílíńdà mẹ́fà ní mẹ́rin, V8 ní márùn-ún. Tí ẹ bá rí V8 lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí nọ́ọ̀tù sì jẹ́ mẹ́rin, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá lé bíréèkì kékeré nìyẹn, ẹ má sì gbé ọmọ yín sínú rẹ̀ títí ẹ ó fi pààrọ̀ bíréèkì.

Kò burú kí ẹ ra ọkọ̀ tí wọ́n sọ di SS o, tí iye tí wọ́n pè é bá jẹ́ ti Malibu, ìyẹn Chevelle tí kì í ṣe SS.

Ohun tó tún ń kó owó lọ ni kí èèyàn takú sí orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Oldsmobile Cutlass, Buick Skylark àti Pontiac LeMans, ọmọ ìyá Chevelle ni wọ́n. Owó wọn sì máa ń rọlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Duster tó ní ẹ́ńjìnnì 318 náà jẹ́ ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn gidigidi fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà 350 yẹn. Chevrolet, Pontiac, Oldsmobile àti Buick, kálukú wọn ló ṣe 350 tirẹ̀, pátì ọ̀kan kì í wọ èkejì. Àbúrò kan ra ìpìlẹ̀ kábúrétọ̀ Chevrolet fún Oldsmobile rẹ̀, ó sì ti jù ú sẹ́yìn gáráàjì láti ìgbà náà.

Bákan náà, ẹ má kẹ́gàn ọkọ̀ 1972 torí pé agbára tí wọ́n kọ fún un kéré. Chevelle ti 1971 tó ní ẹ́ńjìnnì 454 tí wọ́n ń pè ní LS5, agbára ẹṣin (horsepower) 365 ni wọ́n kéde. Ti 1972, 270. Ẹ́ńjìnnì kò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn agbára ló yí padà: tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń yọ ohun tó ń fa agbára kù kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, láti 1972, wọ́n ń wọ̀n ọ́n bó ṣe máa wà nínú ọkọ̀ gan-an.

Tí ẹ bá ní $15,000, ọkọ̀ $10,000 ni kí ẹ máa wá. Ẹ ó lo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí gbọ́. Táyà tó ti gbó lè dán bíi tuntun. Ethanol inú epo òde òní ń jẹ rọ́bà àtijọ́, nítorí náà gbogbo páìpù epo ni ẹ ó pààrọ̀ kó má baà fa iná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú 1967 ló ní yàrá kan ṣoṣo fún omi bíréèkì: tí ibì kan bá jò, gbogbo bíréèkì lọ. Oníyàrá méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín rà, kí ọ̀dà àti rédíò ṣì dúró.

Ẹ má ra ọkọ̀ tí wọ́n ti tú sínú páálí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ sanwó fún èyí tí ìwé rẹ̀ kò sí nílẹ̀, tàbí tí nọ́ńbà inú ìwé kò bá ti ara ọkọ̀ mu, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ tètè dé láàárọ̀, kí ẹ sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sítáàtì rẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í lè fi àìsàn pamọ́. Ẹ mú òòfà, tọ́ọ̀ṣì, ìgò omi àti páálí fífẹ̀ tí ẹ ó dùbúlẹ̀ lé. Tí onítọ̀hún bá ní ẹ kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ òun, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.