Bí A Ṣe Ń Dá Àkọ̀ Padà Sínú Àkùrọ̀ Ìrẹsì

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹyẹ oko tí ó ti pòórá padà sí agbègbè kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó pa ẹyẹ náà run, kí ó tó ronú àtikọ́ ilé ẹyẹ rárá. Àpẹẹrẹ tí ó ṣe é tẹ̀ lé jù lọ, lójú tèmi, ni ti ìlú Toyooka ní ìpínlẹ̀ Hyogo, lórílẹ̀-èdè Japan, níbi tí wọ́n ti dá àkọ̀ ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà padà sínú àkùrọ̀ ìrẹsì. Ìbátan àkọ̀ tí àwọn tí ń ka Sáàmù mọ̀ ni: ara rẹ̀ funfun, ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, bí ó bá sì na apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tó nǹkan bíi mítà 2.

Ohun tí ó pa á kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ọdẹ yìnbọn sí i; wọ́n gé igi páìnì tí ó ń tẹ́ ìtẹ́ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì; lẹ́yìn ogun, oògùn apakòkòrò tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ ba ẹja àti àkèré tí ó ń jẹ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tún àkùrọ̀ ṣe kí omi má baà dúró pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn tí ń gbé ìgbẹ́ ní Japan kú ní 1971. Ẹ kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ tiyín, kí ẹ sì wo èyí tí kò tíì dáwọ́ dúró lára àwọn ohun náà, nítorí òun ni yóò tún pa àwọn tí ẹ bá tú sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sísìn. Ní 1965, wọ́n mú akọ kan àti abo kan nínú àwọn àkọ̀ Toyooka, ṣùgbọ́n májèlé ti wọ àwọn ẹyẹ ibẹ̀ lára; wọ́n ń yé ẹyin, ẹyin náà kò sì di ọmọ. Ìgbà tí wọ́n gba ọmọ ẹyẹ 6 láti Khabarovsk ní Rọ́ṣíà ní 1985 ni nǹkan yí padà, tí ẹyin sì pamọ níkẹyìn ní 1989. Ọdún 24 ni wọ́n fi dúró.

Yíyan aya fún àkọ̀ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá kàn ti akọ àti abo mọ́ ilé kan náà, èyí tí ó lágbára lè fi ẹnu ṣá èkejì pa. Nítorí náà, ẹ fi wọ́n sí ilé méjì tí ó fara kan ara wọn, kí àwọ̀n wà láàárín, kí ẹ sì máa ṣọ́ wọn. Àkọ̀ kì í ké bí ẹyẹ yòókù. Ẹnu ni ó ń gbá mọ́ra, kàkàkàkà, tí a ó fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń da orí sẹ́yìn tí wọ́n sì ń gbá ẹnu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà léraléra, ẹ lè ṣí ilẹ̀kùn. Akọ àti abo ni ó máa ń gba ara wọn sàba, fún nǹkan bí oṣù kan. Ẹ máa kọ ìran ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ sì máa bá àwọn ọgbà ẹranko mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀, kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò má baà máa gun ara wọn.

Oko ni mo rò pé ó yẹ kí owó pọ̀ jù sí. Àwọn àgbẹ̀ Toyooka kò fẹ́ràn ẹyẹ yìí látijọ́, wọ́n ní ó ń tẹ irúgbìn ìrẹsì mọ́lẹ̀. Ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rín, ẹ bá wọn wọ oko lọ wò ó. Ọ̀nà tí wọ́n wá ń gbà dáko níbẹ̀ báyìí ni pé wọ́n dín oògùn kù tàbí kí wọ́n má lò ó rárá, wọ́n ń fi omi sínú oko nígbà òtútù, wọn kì í sì í fa omi rẹ̀ láàárín ọ̀gbìn títí ọmọ àkèré tí ó ṣì ní ìrù yóò fi yọ ẹsẹ̀, tí yóò lè fò jáde. Wọ́n tún ṣe ojú ọ̀nà tí ẹja lè gbà láti inú kòtò omi wọ inú oko. Iṣẹ́ ọ̀hún ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ̀ ni wọ́n fi ń ta ìrẹsì náà, iye owó rẹ̀ sì ga ju ti ìrẹsì lásán lọ.

Kí ẹ tó tú ẹyẹ sílẹ̀, ẹ fi wọ́n sí ilé ńlá tí wọ́n ti lè fò, kí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń mú ẹja tí ó wà láàyè. Ní Toyooka, àkọ̀ tí wọ́n ń sìn ti lé ní 100 kí wọ́n tó tú 5 sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2005. Wọ́n ti ri òpó gíga mọ́lẹ̀ dípò igi páìnì, wọ́n sì fi àwo ìtẹ́ sórí rẹ̀. Ẹ má ṣe máa fún wọn ní oúnjẹ títí láé, nítorí ẹyẹ tí a ń bọ́ kì í kúrò nítòsí. Ṣe ni kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ tí ó jáde láti inú ẹyin nínú ìtẹ́ ìta fò ní 2007. Bí tiyín náà bá pamọ, ẹ gun òpó náà lọ fi òrùka aláwọ̀ sí àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ìtẹ́, nítorí kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ tí wọn yóò fi fò lọ.