Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Ka Ìlù Ọkàn Wọn Nígbà Tí Wọ́n Bá Jọ Ń Rìn

Létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó pé sí Ọjà Olúwo, tọkọtaya a máa jọ rìn fún ìlera. Ọkàn ìyàwó a yára lù ju ti ọkọ lọ, ọkọ a sì rò pé ara ìyàwó òun kò le ni. Èrò yẹn kò tọ̀nà, ó sì lè mú kí obìnrin pa ìrìn náà tì.

Bí ẹ bá jí, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ gbé ìka méjì, ìfábẹ̀lá àti ti àárín, lé ọrùn ọwọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, títí ẹ ó fi gbọ́ ibi tó ń sọ kúlúkúlú. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò wá a, nítorí iṣan tirẹ̀ náà ń lù, ó sì lè ṣì yín lọ́nà. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè fi wé èyí tí ẹ ó kà lẹ́yìn ìrìn.

Ẹ wá rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kánmọ́kánmọ́ fún 20, débi tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò ní lè kọrin. Bí ẹ bá ti dúró, ẹ kà á lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá fi falẹ̀, yóò ti wálẹ̀.

Ọkàn obìnrin sábà máa ń kéré ju ti ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀ tó ti ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kiri kò pọ̀ tó. Nítorí náà, kí ó tó lè bá ọkọ rìn ní ìwọ̀n kan náà, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lù léraléra sí i.

Láti fojú díwọ̀n òpin tí ọkàn lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan, ọkùnrin yóò yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 220. Ní ti obìnrin, àwọn onímọ̀ kan ní Chicago dábàá lọ́dún 2010 pé kí ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀ di ìlọ́po 0.88, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú 206. Ẹni 50 ọdún yóò rí 170 bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, 162 bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ìdajì rẹ̀ sí ìdá 70 nínú 100 ló dára fún ìrìn: 85 sí 119 fún ọkọ, 81 sí 113 fún ìyàwó. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí àwọn kan nínú wọn máa ń fa ọkàn sẹ́yìn. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí òòyì bá ń kọ́ni, ẹ dúró.

Ní ti agbára tí ara ń ná, ìwọ̀n ara ló ṣe kókó. Ní ìrìn ìṣẹ́jú 30 tó yá díẹ̀, ẹni 60 kílò a ná nǹkan bí 100 kálórì, ẹni 80 kílò a ná bí 140. Bí a bá pín in sí kílò kọ̀ọ̀kan, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ sún mọ́ òpin tirẹ̀ jù máa ṣáájú, kí ẹnì kejì máa tẹ̀ lé e, kí ìrìn náà má baà yá jù fún un.