Bí mo ṣe ń kó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú eré méjì pọ̀ sínú ìtàn kan

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mú ọdún kan. Eré orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ni méjèèjì: Cagney & Lacey bẹ̀rẹ̀ ní 1982, The X-Files ní 1993. Ọdún 1993 ni mo máa ń fi ìtàn tèmi sí, torí nígbà yẹn Cagney àti Lacey á ti di àgbà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá ọ̀ràn tó lè kó wọn jọ. Ọlọ́pàá New York làwọn obìnrin méjì yẹn; òṣìṣẹ́ FBI, ìyẹn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni Mulder àti Scully inú The X-Files, FBI kì í sì í ṣàdédé dá sí ọ̀ràn ìpànìyàn láàárín ìlú. Ìjínigbé tó kọjá ààlà ìpínlẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ó fún tọ̀tún tòsì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀, wọ́n á sì rí nǹkan jà lé lórí.

Ibi tí adùn wà gan-an rèé: ẹ pààrọ̀ alábàáṣiṣẹ́ wọn. Ẹ fi Scully, tó jẹ́ dókítà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹni tí wọ́n jí gbé pẹ̀lú Lacey (òun ni ààyò mi nínú gbogbo wọn). Scully ń yẹ èékánná òkú wò. Lacey, abiyamọ, tẹjú mọ́ bàtà: “Ẹlòmíì ló so okùn yìí fún un.” Gbólóhùn kan péré, a ti mọ ìwà àwọn méjèèjì.

Ní ti ohùn wọn, mo máa ń kọ́kọ́ wo eré kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí mo bá fọwọ́ bo orúkọ, tí mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo máa ń pa á rẹ́, màá tún un kọ.