Bí Mo Ṣe Dí Àlàfo Inú Máàpù Gíga Ilẹ̀ Erékùṣù Hatteras

Erékùṣù Hatteras ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Pamlico. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ìjì líle Isabel la ojú omi tuntun já láàárín Frisco àti abúlé Hatteras. Mo fẹ́ mọ ibi tí òkun tún lè gbà kọjá, mo sì gbé máàpù gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi lidar (ẹ̀rọ tó ń rán ìtànṣán lésà sílẹ̀, tó sì ń ka èyí tó padà wá) wọ̀n láti inú ọkọ̀ òfuurufú kalẹ̀. Bí àwọ̀n ẹja ni irú máàpù bẹ́ẹ̀ rí, tí ojú kọ̀ọ̀kan ń gbé iye gíga kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú ibẹ̀ ló ṣófo, tí -9999, àmì pé kò sí ìwọ̀n níbẹ̀, dúró nínú wọn.

Kí n tó dí àlàfo kankan, mo wádìí ohun tó fà á. Omi máa ń gba ìtànṣán lésà 1064 nánómítà mọ́ra, nítorí náà àlàfo orí ọ̀sà kì í ṣe àléébù rárá. Ti abẹ́ ilé àti abẹ́ igbó yàtọ̀: wọ́n ti yọ òrùlé àti ewé kúrò nínú ìwọ̀n náà kí ilẹ̀ nìkan lè kù, ibẹ̀ sì ni ó tọ́ kí á dí. Mo fa ìlà yí omi ká, mo sì yọ ọ́ sẹ́yìn, kí ilẹ̀ tí kò sí má baà hù lórí rẹ̀.

gdal_fillnodata, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń fi iye àwọn ojú tó yí àlàfo ká dí i, ni mo fi dí àwọn àlàfo kéékèèké. Bí a kò bá pa ààlà fún un, yóò wá iye dé 100 ojú àwọ̀n, èyí tí ó pọ̀ jù fún erékùṣù tóóró báyìí. Mo dín in kù sí 10. Iye tó bá fi dí àlàfo kò lè ga ju èyí tó ga jù lára àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, nítorí náà bí téńté òkìtì iyanrìn bá bọ́ sínú àlàfo, yóò gé e lulẹ̀. Ní erékùṣù tí òkun ti là já rí, ọ̀nà omi tí kò sí lórí òkìtì lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Láti dán èyí wò, mo pa àwọn téńté tí iye wọn dájú rẹ́, mo dí wọn padà, mo sì yọ iye tuntun kúrò lára ti àtijọ́. r.fillnulls, irinṣẹ́ inú GRASS (ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù), tó ń lo ìlà tó ń tẹ̀ bá ìrísí ilẹ̀ yíká àlàfo, ló súnmọ́ òótọ́ jù, òun ni mo sì lò fún àwọn àlàfo orí òkìtì.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe máàpù kejì, tí mo kọ 1 sí ojú tí mo dí, tí mo sì kọ 0 sí ìyókù. Ọ̀nà omi èyíkéyìí tó bá gba orí 1 kọjá ni mo fi sápá kan, títí di ìgbà tí a bá wọn ibẹ̀.