Àwọn àṣìṣe tó ń gba owó gbà-má-bínú mọ́ òṣìṣẹ́ tó farapa lọ́wọ́

Bí bíríkìlà bá já bọ́ láti òkè ilé kan ní Lugbe, ní Àbújá níbí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó sáré gbé e ni pé, "Ọ̀gá wa ṣèèyàn, ó ti ní ká gbé e lọ sọ́sibítù." Lóòótọ́, ọ̀gá náà lè ṣèèyàn. Ó lè san owó ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì fi owó oúnjẹ lé e. Àmọ́ tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹsẹ̀ ò tíì jinná, iṣẹ́ ti parí ní sáìtì yẹn, ọ̀gá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Lokogoma, tí wọ́n bá sì pè é lórí fóònù, kì í gbé e mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní Àbújá ló ti bá ara wọn nírú ipò yìí, torí wọ́n rò pé àánú ọ̀gá ni gbogbo ohun tó tọ́ sí àwọn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọdún 2010 ni òfin Employees' Compensation Act ti wà. Òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1% nínú àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Nigeria Social Insurance Trust Fund (NSITF) ń bójú tó. Maitama níbí ni olú iléeṣẹ́ àjọ náà wà, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Kàdúná àti Kánò pẹ̀lú. Inú àpò yẹn ni owó gbà-má-bínú ti ń jáde. Tí ẹ bá bèèrè fún un, ẹ ò bá ọ̀gá jà, ẹ ò sì ya abaraámóorejẹ. Mo fẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì, torí ìtìjú ló ń pa púpọ̀ nínú wa lẹ́nu mọ́.

Àṣìṣe tó ń ṣàkóbá jù lọ ni kí èèyàn farapa kó má sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́nà tó ṣeé tọ́ka sí. Ọjọ́ 14 ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Kò dìgbà tí ẹ bá rí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀. Súpáfáísọ̀, máníjà tàbí ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ níbẹ̀ ti tó. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ò ju orúkọ yín, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á àti ibi tó ti dùn yín, bí ẹnu bá ṣe ń sọ ọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó lè ní ọjọ́ àti àkókò lára: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láàárọ̀ Tuesday, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, pákó tí mo dúró lé ní sáìtì wa ní Lugbe ṣẹ́, mo já bọ́ láti òkè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló kán." Kí ẹ wá fi orúkọ yín ní kíkún sí i. Bí ẹ ò bá lè tẹ̀ ẹ́, kí ẹnì kan bá yín tẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù yín. Ẹ má sì pa á rẹ́ o.

Tí ọjọ́ 14 bá ti kọjá ńkọ́? Ẹ má ṣe torí ìyẹn jókòó sílé. Àjọ náà lè gba ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò bó bá hàn pé ọ̀gá tàbí aṣojú rẹ̀ mọ̀ nípa ìjàǹbá náà. Ọ̀gá náà sì ní tirẹ̀ láti ṣe: ọjọ́ 7 péré ló ní láti fi ìròyìn náà tó àjọ náà létí, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin tó bá kọ̀. Ẹ má kàn gbà pé ó ti ṣe é. Ẹ lọ bèèrè.

Àṣìṣe kejì máa ń wáyé níwájú nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé ẹni tó farapa dé, ara ń ro ó, kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì bèèrè ní Hausa pé, "Me ya same shi?", ìyẹn ni pé, kí ló ṣe é? Ẹni tó gbé e wá ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ní kóun lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá, tàbí kó jẹ́ pé fọ́míìnì ti yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un lójú ọ̀nà. Ló bá dáhùn pé, "Ya faɗi a gida." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì pé ilé ló ti ṣubú. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn máa tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ NSITF, torí ìwé dókítà ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ sọ òótọ́: ibi iṣẹ́ ni, báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Tí irọ́ bá ti wọ inú káàdì náà, ẹ padà lọ bá dókítà ní kíá kó tó di pé wọ́n gbé yín kúrò lọ́sibítù, kí ẹ ní kó ṣàtúnṣe sí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń kúrò lọ́sibítù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní mai ɗori. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò eegun náà, kí dókítà sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ìpalára náà bá sọ èèyàn di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, 90% owó iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń san fún un. Bó bá jẹ́ ìka tàbí ojú kan ló lọ, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n rẹ̀. Láìsí ìwé dókítà, kò sí ohun tí wọ́n máa fi díwọ̀n.

Ìwé tí ọ̀gá bá gbé wá ńkọ́? Ó lè fún yín lówó kó ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní bèèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ fọkàn balẹ̀, òfin sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ yọ 1% yẹn nínú owó yín. Tirẹ̀ ni, òun ni kó san án.

"Lébìrà ojúmọ́ ni mí, wọn ò fún mi níwèé." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù, torí àwọn tó ń sọ ọ́ ni ìjàǹbá sún mọ́ jù. Òfin yìí ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn. Ó ka ẹni tó ń gba owó ojúmọ́, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ara ẹbí ọ̀gá sí òṣìṣẹ́. Ẹ wá ẹlẹ́rìí nínú àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n tó tú ká.

Ìjàǹbá ojú ọ̀nà náà wà nínú òfin yìí. Ẹni tó ń ti Mararaba wọ ìgboro láàárọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì forí sọ nǹkan ní Nyanya, lè bèèrè owó gbà-má-bínú, torí òfin ka ọ̀nà tó lọ tààrà láti ilé síbi iṣẹ́ mọ́ ọn. Tó bá yà sí ọjà lọ ra nǹkan fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Tí ẹni náà bá kú, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń dàrú jù. Wọ́n á gbé òkú lọ sílé, bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, gbogbo ẹbí á kó sínú ètò ìsìnkú, kò sì ní sí ẹni tó rántí pé ọjọ́ 14 yẹn kan àwọn tó fi sílẹ̀ náà. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn ní Àbújá kó kọ̀wé. Opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa gba 90% owó oṣù ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, 85% ni. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó yín. Òun ló máa nílò wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, fọ́ọ̀mù ti NSITF ṣì kù. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó fi sílẹ̀ tó bá kú, ló máa buwọ́ lù ú, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Bí ohun tí wọ́n bá sọ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí àjọ náà tún un yẹ̀ wò. Bí ìyẹn náà kò bá yanjú rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, wà ní Àbújá níbí.