Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú yíyọ síńkì kúrò lára òkúta rẹ̀

Bí síńkì tí ó lẹ̀ mọ́ pátákó alumíníọ̀mù nínú ọpọ́n iná mànàmáná bá ń lu ihò, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n fi kún iná. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ti wà nínú omi ásíìdì tí síńkì yòrò sí, kó tó dé inú ọpọ́n náà.

Láti ibi tí a ti ń fọ òkúta ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Abakaliki àti Ishiagu, sphalerite tí síńkì wà nínú rẹ̀ àti galena, òkúta òjé, jọ máa ń wà lójú kan náà ni. Tí copper sulphate, oògùn tó ń mú síńkì léfòó, bá tètè wọ omi, síńkì á bá òjé léfòó, méjèèjì á sì dàrú. Jẹ́ kí òjé jáde tán, fi ìyẹ̀fun láìmù gbé pH (òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi) kọjá 10 kí òkúta irin má bàa gòkè, kí copper sulphate tó wọlé.

Lẹ́yìn tí a bá yan òkúta síńkì tó léfòó náà ní nǹkan bí 950°C, tí a fi ásíìdì tí kò le rẹ ẹ́, má ṣe da gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nù. Irin ti gbá síńkì mú níbẹ̀, wọ́n ti di zinc ferrite. Ásíìdì líle tó gbóná ju 90°C lọ ló ń tú u. Irin náà á jáde pẹ̀lú, a ó sì sọ ọ́ di jarosite, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ irin, kí a tó sẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da jarosite sódò: òjé àti cadmium wà nínú rẹ̀. Ní Trail, ní Kánádà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní 1981: ọ́síjìn àti ásíìdì nínú ìkòkò àdépa, ní nǹkan bí 150°C, láìyan òkúta rárá. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ á yọ́ ní ooru yẹn, á bo òkúta lára. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi lignosulphonate, tí kì í jẹ́ kí imí-ọjọ́ náà bo òkúta, sí i, òkúta rẹ̀ kò ní tú tán.

Ìyẹ̀fun síńkì ló ń lé bàbà àti cadmium kúrò nínú omi náà. Kóbáltì kì í dá a lóhùn bọ̀rọ̀. Àfi kí omi gbóná, kí a fi antimony díẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Sẹ́ ẹ kíákíá, torí bí ohun tó rọlẹ̀ bá pẹ́ nínú omi, cadmium á tún padà síbẹ̀. Antimony fúnra rẹ̀ àti germanium, irú èròjà mìíràn, tó bá ṣẹ́kù sínú omi tó ń lọ sí ọpọ́n kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù nínú lítà kan. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, háídrójìn ni yóò máa hó jáde, síńkì tó ti lẹ̀ á sì tún yòrò. Fluoride ní tirẹ̀ máa ń jẹ awọ alumíníọ̀mù, síńkì á wá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ débi pé ṣíṣí rẹ̀ á di ìjà. Ẹni tó ń yọ síńkì láti inú eruku ilé-iṣẹ́ irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi sodium carbonate fọ fluoride kúrò nínú rẹ̀.

Nínú ọpọ́n, má ṣe jẹ́ kí ooru kọjá 40°C. Bí iná bá sì lọ, má fi pátákó sílẹ̀ nínú omi: ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ síńkì lójú ẹsẹ̀. Gbé wọn jáde, tàbí kí ẹ̀rọ amúnáwá ti wà ní sẹpẹ́.