Update kọ̀ lórí Ubuntu? Ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀ ná

Kí n sòótọ́, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé Ubuntu tàbí Linux Mint (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ti bà jẹ́, update kọ́ ló bà á jẹ́, wàdùwàdù ni. Èèyàn rí error, ó sáré gba orí Google lọ, ó kó command (àṣẹ) méje tí ò mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ń ṣe, ó da gbogbo ẹ̀ sínú terminal (window tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), nígbà tó máa fi ṣú kọ̀ǹpútà ò tàn dé desktop mọ́. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò lè bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ pa window Software Updater yẹn tì, kì í sọ tinú ẹ̀ tán. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pa pọ̀ kí terminal ṣí, kẹ́ ẹ wá tẹ:

sudo apt update

Á bi yín ní password. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tí nǹkan kan ò hàn, ẹ má dààmú, ó ń wọlé. Tó bá parí, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W: ìkìlọ̀ ni, ìyẹn sábà máa ń lè dúró. E: ni tiwa. Tí E: bá sì pọ̀, ti àkọ́kọ́ lẹ máa kà, torí àwọn tó kù sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá tẹ sudo apt upgrade (òun ló ń ṣe update gangan), tó ní "Could not get lock /var/lib/dpkg/lock-frontend", kò sí nǹkan tó ṣe é, ẹlòmíì ló wà nínú ilé ìdáná. Ubuntu máa ń fúnra ẹ̀ ṣe update ti ààbò lábẹ́lẹ̀, ẹ máa rí orúkọ ẹni tó di ilẹ̀kùn mú níbẹ̀, unattended-upgr ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ lọ jẹun, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi rm pa fáìlì lock yẹn rẹ́, ẹ má dán an wò o, ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn méjì bá ki omorogùn bọ ìkòkò àmàlà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kókó ni wọ́n máa jẹ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ti iná. Desktop mi ò ní UPS nígbà yẹn, ó ti download tán, ó ń ṣe "Unpacking linux-image" lọ́wọ́, ni gbogbo ilé bá ṣókùnkùn bìrí. Nígbà tí wọ́n mú iná dé, ohun tí mo bá nìyí:

E: dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a' to correct the problem.

Ẹ ẹ̀ rí i, ó sọ àìsàn, ó tún kọ oògùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apt ló ń lọ ra ọjà wálé, dpkg ló ń tú u, tó ń tò ó síbi tó yẹ. Iná wá lọ nígbà tí ẹrù ṣì wà nílẹ̀ yàlàyàlà, so ẹ kàn jẹ́ kó máa tò ó lọ:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo apt upgrade

Ọ̀kọ̀ọ̀kan o, kí èkínní parí kẹ́ ẹ tó tẹ èkejì. Tó bá dúró láàárín tó ń bèèrè bóyá kó pààrọ̀ fáìlì config (ibi tí ètò tẹ́ ẹ ṣe sí software kan wà), Enter lẹ máa tẹ̀, á fi tiyín sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí kọ̀ǹpútà ò bá tiẹ̀ wọlé mọ́, ẹ di Shift mú bó ṣe ń tàn (àwọn míì, Esc ni), menu GRUB (ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ohun tí kọ̀ǹpútà máa fi tàn) á jáde, ẹ lọ sí "Advanced options", kẹ́ ẹ mú kernel (ọkàn Ubuntu, òun ló ń bá ẹ̀rọ gan-an sọ̀rọ̀) tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré sí ti òkè.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń pín iṣẹ́ yẹn sí méjì. Lóru tí dátà bá ń ṣiṣẹ́, màá tẹ sudo apt upgrade --download-only, á kó gbogbo ẹ̀ sínú /var/cache/apt/archives, kò ní fọwọ́ kan nǹkan míì. Ọjọ́ tí iná bá wá dúró ire ni màá ṣe upgrade gangan.

Láptọ́ọ̀pù tokunbo ló máa ń ní ti "Release file is not valid yet (invalid for another 5h...)". Kò sóhun tó kan íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, aago ló sá sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà wá rò pé ọ̀la ni wọ́n kọ fáìlì yẹn. Ẹ tẹ timedatectl kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó gbà pé a wà, mo rí ọ̀kan tó ní 2015 la ṣì wà! Ẹ tún un ṣe:

sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos
sudo timedatectl set-ntp true

Tó bá tún padà sẹ́yìn lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa á, bátìrì kékeré inú ẹ̀ ló ti kú, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, èyí tó rí bíi kọ́ìnì. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Àwọn tó kù ò le. "Temporary failure resolving", ẹ yẹ dátà yín wò, ó lè ti tán. "No space left on device", ẹ tẹ df -h, tó bá jẹ́ /boot (ibi tí kernel ń gbé) ló kún, sudo apt autoremove á kó kernel àtijọ́ dànù. "NO_PUBKEY", ibi tí Ubuntu ti ń gba software, èyí tẹ́ ẹ fi kún un fúnra yín, ló sábà máa ń fà á, tẹ́ ẹ ò bá nílò ẹ̀ mọ́, ẹ yọ àmì ẹ̀ kúrò ní "Other Software" nínú "Software & Updates". "404 Not Found" tí ò lọ lẹ́yìn apt update, ẹ wo Ubuntu tẹ́ ẹ ń lò, tí kì í bá ṣe LTS (èyí tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́), oṣù 9 péré ni wọ́n ń bá a ṣe, bíi 23.10 tó parí ní July 2024, ẹ gba 24.04 tó jẹ́ LTS kẹ́ ẹ sinmi.

Tó bá ṣì kọ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe fọ́tò tẹ́ ẹ fi fóònù yà tí bọ́ọ̀bù ń tàn yòò lórí ẹ̀. Ẹ tẹ èyí, kẹ́ ẹ fi fáìlì error.txt tó wà nínú Home ránṣẹ́:

sudo apt update 2>&1 | tee ~/error.txt